Bisikíìtì Tó Dojú Bolẹ̀

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ fi rín. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ wa lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, mo ki wáyà fóònù bọ etí, olùkọ́ kan láti yunifásítì òkè òkun sì ń sọ fún mi pé ẹ̀rọ lè kọ́ ọgbọ́n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un. Ó ní, ẹ má sọ fún un bí ológbò ṣe rí. Ẹ má sọ pé ó ní irun ìmú, ẹ má sọ pé ó ní ìrù. Ẹ ṣáà máa fi àwòrán ológbò hàn án, ẹ máa fi ti ajá hàn án, ẹ máa sọ fún un pé ológbò nìyí, ajá nìyí, títí òun fúnra rẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Mo ní, "Irọ́ ńlá! Ọkùnrin yìí ò tíì jẹun lónìí." Ẹ̀rín mi jí ọlọ́dẹ tó ń tòògbé lẹ́nu géètì.

Kí ẹ má baà rò pé mo mọ̀wé ju ẹnikẹ́ni lọ, ọdún méjì péré ni mo lò ní pólì kí bàbá mi tó kú, tí mo kó ẹrù mi wálé. Iṣẹ́ ṣíṣà ni mo ń ṣe nílé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìkẹjà, lápá Àgídìngbì. Bisikíìtì á jáde nínú ààrò, á máa bọ̀ lórí bẹ́líìtì, òdòdó tí wọ́n tẹ̀ sí i lójú á kọjú sókè. Àwa obìnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì á máa ṣa èyí tó fọ́, èyí tó jóná, èyí tó wọ́, a ó máa jù ú sínú tíréè pupa. Èyí tó dáa á kọjá lọ síbi tí wọ́n ti ń dì í sí páálí. Ọdún mẹ́ta ni mo ti wà lẹ́nu ẹ̀ nígbà tí ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí wásáàpù àwa òbí níléèwé àwọn ọmọ mi, pé yunifásítì kan ń kọ́ni bí ẹ̀rọ ṣe ń kọ́gbọ́n, lọ́fẹ̀ẹ́. Torí ọ̀fẹ́ yẹn ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?

Nínú bọ́ọ̀sì BRT láti Abúlé Ẹ̀gbá ni mo ti máa ń gbọ́ ẹ̀kọ́ náà láàárọ̀, orí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ni mo ti máa ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bá fún wa. Ọ̀sẹ̀ kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi sá. Olùkọ́ kọ ìṣirò kan tó gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀ pátákó, orí mi kàn ń hó yee. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó ní ẹ̀rọ náà á kọ́kọ́ méfò lásán, á wo bí àṣìṣe rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, á sún díẹ̀ síbi tí àṣìṣe náà á ti dínkù, á tún méfò, á tún sún. Ìgbà keje ló tó yé mi. Bí èmi náà ṣe máa ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé wa nìyẹn tí wọ́n bá mú iná lọ! Mi ò ní í rí nǹkan kan, ẹsẹ̀ ni màá fi wá ibi tó rẹlẹ̀, màá tẹ̀ ẹ́, màá tún wá òmíràn, títí màá fi délẹ̀. Mo pariwo nínú bọ́ọ̀sì, "Ó ti yé mi o!" Bàbá tó jókòó tì mí ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run," wọ́n rò pé ẹ̀mí ló bà lé mi. Mo ní àmín. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo màmá tó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nídìí bẹ́líìtì. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọ́n ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ra ààrò tá à ń lò báyìí, àwọn sì ni àgbà gbogbo wa. Ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń ṣa bisikíìtì tó wọn. Wọ́n á máa bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n á máa wo ojú mi, ọwọ́ wọn á kàn na síwájú, á yọ ọ̀kan láàárín ọgọ́rùn-ún. Tí mo bá yẹ̀ ẹ́ wò, màá rí i pé ó ti sán lábẹ́, sísán tó tín-ín-rín bí irun orí.

Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan, "Màmá, báwo lẹ ṣe máa ń mọ̀?"

"Kí n mọ kí ni?"

"Pé èyí tẹ́ ẹ yọ yẹn ti sán."

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé itọ́ mì. "Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n."

"Ta ló wá kọ́ ọwọ́ yín?"

"Ta ni ì bá kọ́ mi? Bisikíìtì ló kọ́ mi."

Orí mi wú, ara mi bù máṣọ. Ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n òkè òkun fi odidi ọ̀sẹ̀ méjì ṣàlàyé, màmá tí kò wọ yunifásítì rí ti sọ ọ́ tán láàárín mímí kan. Mo dì mọ́ wọn lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n tì mí dànù, wọ́n ní, "Póròfẹ́sọ̀, bisikíìtì ń kọjá lọ." Orúkọ tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè mí láti ọjọ́ náà nìyẹn.

Póròfẹ́sọ̀ yìí ló dé etí máníjà wa. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n bá mi lórí àtẹ̀gùn, níbi tí mo ti ń fi bírò ṣe ìṣirò sẹ́yìn páálí. Wọ́n ní, "Ṣé òótọ́ ni pé ò ń kọ́ nǹkan àwọn ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní, "Ṣé o lè jẹ́ kí ẹ̀rọ fojú mọ bisikíìtì tó fọ́?"

"Mo lè ṣe é, sà!" Ẹnu mi kì í dúró dè mí, ó ti pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni ẹ̀kọ́ mi.

Wọ́n ní bẹ́líìtì tuntun kan ń bọ̀, àwọn ò tíì fi ẹnikẹ́ni sídìí ẹ̀. Wọ́n ní àga kan ṣófo ní yàrá àyẹ̀wò lókè. Tí mo bá lè ṣe ẹ̀rọ náà láàárín oṣù kan, kí n gbé e wá, kí n sì kó gbogbo àwòrán tí mo fi kọ́ ọ wá bí mo ṣe yà wọ́n gan-an, kí n má yọ ìkankan, káwọn ẹnjiníà lè yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, èmi ni mo ni àga yẹn.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo fẹ́ àga yẹn. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ń dúró, ẹsẹ̀ mi á ti wú bí búrẹ́dì kí n tó délé. Bàbá àwọn ọmọ mi ti kú, àwọn ọmọ méjì sì ń bẹ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò ní pólì ni orí mi ti ń wá iṣẹ́ tí òun náà lè ṣe.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lójoojúmọ́ tí wọ́n bá pa bẹ́líìtì fún oúnjẹ ọ̀sán, màá ya àwòrán èyí tó wà lórí bẹ́líìtì, màá ya tíréè pupa tó wà láàárín èmi àti Màmá. Tí mo bá délé, màá gé bisikíìtì inú àwòrán náà níkọ̀ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ mi, màá kọ "ó dáa" sára ti orí bẹ́líìtì, màá kọ "ó fọ́" sára ti tíréè pupa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Màmá ní, "Ṣé wọ́n fẹ́ fi bisikíìtì yìí gba físà ni?"

Ọ̀sán Sátidé kan ni mo kó gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀rọ tí mo fi ẹ̀kọ́ náà ṣe sórí kọ̀ǹpútà. Ó kọ́kọ́ ń méfò bí òpè. Mo jókòó tì í, mo ń wo bí àṣìṣe rẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Nígbà tó ṣe, mo fi àwòrán kan tí kò rí rí hàn án, bisikíìtì tí etí rẹ̀ kàn hán bíńtín. Ó ní, "Ó fọ́." Mo fi òmíràn hàn án. "Ó dáa." Mo fi èyí tó jóná díẹ̀ lábẹ́ òdòdó hàn án. "Ó fọ́."

Mo dìde lórí àga. Mo rìn yí yàrá po, mo ká ọwọ́ lérí. Mi ò sọ fún un! Mi ò sọ fún un pé etí bisikíìtì kì í hán, mi ò sọ ọ̀rọ̀ jíjóná létí ẹ̀ rí! Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì, ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣa bisikíìtì, mo ní, "Olúwa mi o, kí ni mo ṣe yìí?" Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù tó dùn. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú tí mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo ra bisikíìtì ilé iṣẹ́ wa ní ìsọ̀ tó wà níwájú ilé, mo tò ó sínú abọ́, mo gbé fóònù tí mo ti gbé ẹ̀rọ náà sí lé e lórí. Ó dáa, ó dáa, ó dáa. Mo ń yan kiri nínú yàrá bí ìyàwó tuntun. Ọ̀kan wá yọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó dojú bolẹ̀ sínú abọ́. Ẹ̀rọ ní, "Ó fọ́."

Mo gbé e wò, kò fọ́. Mo kọjú rẹ̀ sókè: "Ó dáa." Mo dojú ẹ̀ dé: "Ó fọ́." Mo mú òmíràn, bákan náà. Mo mú gbogbo wọn, bákan náà. Mo bú ẹ̀rọ náà, mo bú ẹni tó ṣe é, kí n tó rántí pé èmi ni. Olùkọ́ wa ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀ pé tí ẹ̀rọ yín bá ń ṣe bí òmùgọ̀, ẹ má bú u, ẹ lọ wo ohun tẹ́ ẹ fi kọ́ ọ.

Mo ṣí àwòrán tíréè pupa. Mo wò ó títí. Láàárín àfọ́kù, mo rí àwọn kan tó dojú bolẹ̀, mo fa àwòrán náà tóbi. Wọn ò fọ́. Wọn ò jóná. Wọ́n pé rìgìdì. Mo ṣí àwòrán kejì, wọ́n wà níbẹ̀. Mo ṣí ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹwàá, wọ́n wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ya àwòrán wọ̀nyí, ọwọ́ ara mi ni mo fi gé wọn tí mo kọ "ó fọ́" sí wọn lára, torí inú tíréè pupa ni wọ́n wà. Mi ò rí i. Ẹ̀rọ tí mo bí lánàá ló rí i. Lórí bẹ́líìtì, gbogbo bisikíìtì ló ń kọjú sókè, inú tíréè nìkan ni wọ́n ti ń dojú bolẹ̀, òun sì ti mú ìyẹn sọ́kàn. Ẹnì kan ló ń mú bisikíìtì tó pé, tó ń dojú ẹ̀ délẹ̀ sínú àfọ́kù. Àwa méjì la sì ń lo tíréè yẹn, èmi àti Màmá.

Lọ́jọ́ Ajé, bí wọ́n ṣe pa bẹ́líìtì, mo gbé fóònù lọ bá wọn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo rọra sọ̀rọ̀. "Màmá, kí lèyí?"

Wọ́n gbé fóònù súnmọ́ ojú. Wọ́n fi épírọ́ọ̀nù nu ọwọ́ wọn. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ẹ̀rọ mi ni, mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Lóòótọ́, àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà."

Wọ́n wá là á yé mi. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni ilé iṣẹ́ máa ń gbà wá láàyè láti pín àfọ́kù mú lọ sílé, Màmá ló sì máa ń fi abọ́ bù ú sínú ọ̀rá kálukú torí àwọn ni àgbà. Ìyẹn èmi náà mọ̀ ọ́n. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé tí nǹkan bá le fún ẹnì kan nínú wa, àwọn àgbà máa ń ju èyí tó pé mọ́ àfọ́kù. Wọ́n á dojú ẹ̀ délẹ̀, kí súpáfáísọ̀ tó ń kọjá má baà rí òdòdó. Tó bá wá di ọjọ́ Ẹtì, Màmá mọ ọ̀rá tí wọ́n ń kó o sí.

"Èyí tí o yà yìí," wọ́n ní, "ti ìyàwó tó ń di páálí yẹn ni, èyí tí ọkọ rẹ̀ já bọ́ lórí ilé tó ń kọ́. Ọkọ náà ṣì wà ní ọsibítù."

"Ṣé ó mọ̀?"

"Kí ló fẹ́ mọ̀ ọ́n sí? Tó bá mọ̀, ìtìjú ò ní í jẹ́ kó lè jẹ ẹ́."

Inú bí mi díẹ̀. "Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti dúró tì yín, Màmá. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún èmi?"

"Ìwọ? Ẹnu ẹ tí kò nílẹ̀kùn yìí?" Wọ́n wá wò mí, ohùn wọn rọ̀. "Àti pé ìwọ náà ti jẹ níbẹ̀, ọmọ mi."

Mo wá rántí. Ọdún tí bàbá àwọn ọmọ mi kú, ọ̀sẹ̀ lọ́sẹ̀ ni mo ń bá bisikíìtì tó pé nínú ọ̀rá àfọ́kù mi. Mo sọ fáwọn ọmọ mi pé ẹ̀rọ wa ti bàjẹ́, èyí tó ń to bisikíìtì sí páálí, pé ó ń ta èyí tó pé mọ́ àfọ́kù. Mo tún dúró nídìí bẹ́líìtì yẹn kan náà, mo ń bú àwọn ẹnjiníà: "Ẹ̀rọ burúkú gbáà! Èyí tó pé ló ń dà nù!" Màmá ní, "Ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe lóòótọ́." Tíì àti bisikíìtì yẹn làwọn ọmọ mi ń jẹ lọ síléèwé. Àwọn àárọ̀ kan wà tí kò sí nǹkan mìíràn nílé. Mo sunkún níwájú Màmá ní ọ̀sán gangan, mi ò bìkítà ẹni tó ń wò mí.

Wọ́n ní, "Ọjọ́ wo lo fẹ́ gbé e fún máníjà?"

"Ọ̀la."

"Gbé e fún un. Má torí tiwa pàdánù àga ẹ." Wọ́n yíjú padà sí bẹ́líìtì.

Ṣùgbọ́n àwa méjèèjì la mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Olè ni ìwé òfin ilé iṣẹ́ máa pè é, wọ́n á lé Màmá àtàwọn tó kù láìfún wọn ní kọ́bọ̀ ìfẹ̀yìntì. Bí mo ṣe yà wọ́n gan-an ni máníjà ní kí n kó àwòrán wá, ọjọ́ tí mo ya ìkọ̀ọ̀kan sì wà lára rẹ̀, tí mo bá yọ ọ̀kan, wọ́n á mọ̀. Mo délé ní ìrọ̀lẹ́, mo wá ọ̀nà kan tí mo lè fi kó díẹ̀ lọ. Kò sí. Mo ṣa gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo pa á rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, mo pa á rẹ́ lórí fóònù. 

Lọ́jọ́ kejì, máníjà àti ẹnjiníà méjì jókòó yí tábìlì ká. Wọ́n gbé bisikíìtì kalẹ̀ bó ṣe ti orí bẹ́líìtì dé, òdòdó lókè. Ẹ̀rọ mi ń dá wọn lóhùn: ó dáa, ó fọ́, ó dáa. Ẹnjiníà kan mú èyí tó sán tín-ín-rín létí, ó rò pé òun á fi mú un. "Ó fọ́." Máníjà yọ gíláàsì ojú wọn.  Àní èmi tí mo ṣe é, ìyanu ló ṣì ń jẹ́ fún mi.

"Ó dára gan-an," ni máníjà wí. "Àwòrán dà?"

"Mo ti pa wọ́n rẹ́, sà."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, sà."

"Kí ló fà á?"

Mo wá ọ̀rọ̀ nínú ẹnu mi, ẹnu tó ti ń kó bá mi láti kékeré, mo sì tì í pa. "Mi ò yà wọ́n dáadáa ni, sà."

Wọ́n wò mí pẹ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí àwọn ò mọ ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, àwọn ò lè gbé e sídìí ohun tí àwọn ènìyàn máa jẹ. Òótọ́ ni wọ́n sọ, olùkọ́ mi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹlòmíràn ti jókòó sórí àga náà.

Nígbà tí mo padà sídìí bẹ́líìtì, Màmá ní, "Báwo ni?"

"Wọ́n ní kí n lọ kọ́ sí i, mà."

Wọn ò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Wọ́n kàn ń wo ojú mi, ọwọ́ wọn ń ṣa bisikíìtì lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbé ọ̀rá àfọ́kù mi délé, mo fọwọ́ tú u lórí tábìlì. Àfọ́kù ló wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ti to bisikíìtì tó pé léra wọn láti ìsàlẹ̀ wá, gbogbo wọn dojú bolẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́ kí n tó lè gbé omi tíì kaná.

Ọmọ mi àgbà wá yọjú sínú ọ̀rá. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ̀rọ yín tún ti bàjẹ́ ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ó tún ti bàjẹ́. Pe àbúrò ẹ, ẹ wá jẹun."